Ẹ̀rọ àpò àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ àti fún ilé: kí ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó?



Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé kan ní Topo, ní etíkun Badagry. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ASCON, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973 láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ àbójútó. Ìyàwó ń ta ẹja yíyan. Ọkọ ní ìpàdé lọ́jọ́ Ajé, ó ní ìwé tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò dé ibi ìsọmọlórúkọ kan lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó ní àwọn oníbàárà tó kó ọjà lọ láwìn, owó àjọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹja tuntun máa dé sì wà lórí rẹ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀, ti ilé-kéú náà ń bọ̀. Orí ènìyàn méjì ni gbogbo rẹ̀ wà, àti inú ìwé kékeré kan tí omi ti kán sí.

Irú ìdílé báyìí ló máa ń fẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọn óò máa fi tọ́jú ètò wọn, tí wọ́n á sì máa béèrè èyí tó dára jù. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń retí. Ìdáhùn wa yàtọ̀ díẹ̀: ẹ ra èyí tí ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á bàjẹ́, wọ́n lè jí i, ó lè bọ́ sínú ọ̀sà, ẹni tó ni ín sì lè kú. Bí gbèsè àti àmánà àwọn ènìyàn bá wà nínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì bá wọn lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fóònù.

Igi tó wà nínú àpò

Kí fóònù tó gba iṣẹ́ yìí ṣe, ẹ̀rọ mìíràn ló ń ṣe é. Ní 1984, ilé-iṣẹ́ Psion ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Organiser. Ó kéré tó ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan mú, ó sì lè tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà. Ní 1993, Apple gbé Newton jáde, èyí tí ènìyàn lè fi kálàmù kọ̀wé sí lójú. Ìyẹn tóbi jù fún àpò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ. Ọdún 1996 ni Pilot dé, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí PalmPilot. Ó ní kàlẹ́ńdà, orúkọ àwọn ènìyàn, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe, àti ibi tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí. Bátìrì kékeré méjì, irú èyí tí à ń kì bọ inú rìmóòtù, máa ń gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìtàn kan wà nípa Pilot tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ mọ̀. Jeff Hawkins, ẹni tó ronú rẹ̀, kò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ kankan. Igi ló gé, ó gé e kó lè wọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri. Bí wọ́n bá dá ìpàdé fún un, á yọ igi náà jáde, á ṣe bí ẹni ń wo kàlẹ́ńdà lára rẹ̀, á ṣe bí ẹni ń kọ̀wé sí i. Ẹni tó bá rí i lè rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti mọ ohun tí òun nílò ní tòótọ́ àti ohun tí kò nílò.

A gba ẹ̀yin náà níyànjú pé kí ẹ ṣe irú rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá gé igi. Ẹ ra jọ́tà kékeré tó wọ àpò, kí ẹ máa gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá sọ pé “n kò gbọdọ̀ gbàgbé”, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jókòó ka ohun tí ẹ kọ. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ àti aago ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀, kàlẹ́ńdà ló nílò. Ẹni tó jẹ́ orúkọ àti iye owó, ìwé gbèsè ló nílò. Ẹni tí kò sì kọ ohun kankan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà, a ò rò pé ẹ̀rọ olówó gọbọi yóò sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Lónìí, kò sídìí láti wá PalmPilot tàbí dáyárì oníbátìrì àtijọ́ kiri. Láti oṣù August 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà, díẹ̀díẹ̀ ni fóònù ti gba gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àpò nísinsìnyí, fóònù là ń sọ.

Kékeré oníbọ́tìnì ni tàbí ńlá?

Ẹ má fojú di fóònù kékeré oníbọ́tìnì. Ó ní áláàmù, ó ní kàlẹ́ńdà, ó ní tọ́ọ̀ṣì, bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí iná kì í ti í dúró. Bàbá àgbà tó kàn fẹ́ kí nǹkan jí òun fún Sùbúhì, tó sì fẹ́ máa pe àwọn ọmọ rẹ̀, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni èyí tí a kọ́kọ́ sọ: ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ kì í sábà rí ọ̀nà jáde. Orí síìmù ni ọ̀pọ̀ ń tọ́jú orúkọ sí, síìmù kì í sì í gbà ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ, bí igba àti àádọ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè gbé. Kò sí àyè láti kọ ọ́ pé “èyí jẹ wá ní owó páálí ẹja méjì”.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń tajà, fóònù Android tí kò wọ́n púpọ̀ ti tó ṣe àkọ́kọ́. Ohun tí a ó kọ́kọ́ wò ni bátìrì, kì í ṣe kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló ní bátìrì 5,000 mAh, èyí tó yẹ kó gbé ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́ bí kò bá jẹ́ pé fídíò ló ń wò ṣáá. Ẹni tó ń lọ sí Èkó lójú ọ̀nà Badagry mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn wà tí ènìyàn á jáde kí ojú tó mọ́, tí kò ní padà wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kàlẹ́ńdà tó kú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò sàn ju ìwé tó wà nílé lọ.

Lẹ́yìn bátìrì, omi ló kàn, pàápàá fún ẹni tó ń gbé láàárín ọ̀sà àti òkun. Bí wọ́n bá kọ IP67 sára fóònù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti dán an wò nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. IP68 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi tútù tó mọ́ ni wọ́n fi ń dán an wò, kì í ṣe omi òkun. Iyọ̀ máa ń jẹ irin tó wà níbi tí ṣáájà ń wọ̀, iyanrìn náà sì ń dí i. Ọ̀pọ̀ fóònù tí owó wọn kò pọ̀ kò tilẹ̀ ní àmì wọ̀nyí rárá. Ọ̀rá tó ṣeé dì lẹ́nu, irú èyí tí àwọn apẹja ń kó owó sí, wúlò fún un. Bí omi òkun bá ta sí i, ẹ pa á, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti fi omi mímu rin díẹ̀ nu ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ki ṣáájà bọ̀ ọ́.

Ẹ̀dà

Nígbà kan, BlackBerry ni fóònù ẹni tó bá gbayì ní ìlú Èkó. Ní ọjọ́ 4, oṣù January 2022, ilé-iṣẹ́ náà dá iṣẹ́ dúró fún àwọn fóònù tó ń lo ètò tirẹ̀ àtijọ́. Palm pẹ̀lú ti kógbá wọlé ṣáájú rẹ̀: HP, tó ra ilé-iṣẹ́ náà, kéde ní oṣù August 2011 pé òun kò ní ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti kó ohun wọn jáde kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn tí kò kó o jáde ń wá ẹni tó lè bá wọn tú u.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé: báwo ni mo ṣe lè kó gbogbo orúkọ tó wà nínú èyí sínú fóònù mìíràn? Lórí Android, bí ẹ bá fi àkáǹtì Google wọlé, tí ẹ sì yàn án pé inú àkáǹtì náà ni kí orúkọ àti kàlẹ́ńdà máa lọ, ẹ̀dà wọn á wà níbòmíràn nígbàkúùgbà tí dátà bá wà. iPhone náà ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú iCloud. Ẹni tí kò fẹ́ kí ohun òun wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan lè kó orúkọ jáde bíi fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vcf, kó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà tàbí mẹ́mórì káàdì ní oṣooṣù. Áàpù tí kò bá ní ọ̀nà láti kó nǹkan jáde, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ má fi gbèsè ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà àṣírí àkáǹtì náà sórí ìwé, kí ẹ sì fi pamọ́ sílé. A mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ pọ̀ ju ẹni tí olè wá wo ìwé nínú àpótí rẹ̀ lọ.

Àkókò ìrun àti ọjọ́ oṣù

Ibí yìí ni a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ló rò pé bí áàpù ìrun bá ti wà lórí fóònù, ó ti parí.

Topo wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Oòrùn máa ń wọ̀ ní Topo lẹ́yìn tí ó ti wọ̀ ní erékùṣù Èkó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi àtẹ àkókò Èkó ṣínu ní Topo ń fi ìṣẹ́jú méjì ṣáájú oòrùn. Ti ẹni tó wá láti Abuja sí ASCON fún ẹ̀kọ́ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí fóònù rẹ̀ bá ṣì gbà pé Abuja ni òun wà, yóò pe Mọ̀ngàríbì ní èyí tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí oòrùn Topo tó wọ̀. Nínú áàpù, ẹ yan Badagry gẹ́gẹ́ bí ìlú yín, bí ẹ bá sì rìnrìn àjò, ẹ yí i padà.

Ohun kejì ni ìlànà ìṣírò. Àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ibi tí oòrùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ kí Sùbúhì tó wọlé. Ìlànà Muslim World League lo ìwọ̀n 18, ti ISNA ní Amẹ́ríkà lo 15, ti Íjíbítì lo 19.5. Láàárín 15 àti 18, ìyàtọ̀ tó ìṣẹ́jú méjìlá ní agbègbè tiwa. Nínú oṣù Ràmàdáànì, ìṣẹ́jú méjìlá lè jẹ́ odidi oúnjẹ sààrì. Ẹ má ṣe gba èyí tí áàpù bá yàn fún yín. Ẹ lọ bá lẹ́mọ́mù mọ́sáláṣí yín, ẹ fi àtẹ mọ́sáláṣí wé ohun tó wà lójú fóònù, kí ẹ sì yan ìlànà tó bá a mu.

Kàlẹ́ńdà Hijra orí fóònù pẹ̀lú, ìṣírò ni. Ó lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ìkéde rírí oṣù tí Sultan Ṣókótó máa ń ṣe. Fún ààwẹ̀ àti Iléyá, ìkéde ni kí ẹ tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n fún Sàká, kàlẹ́ńdà yẹn wúlò gan-an. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún January sí December lọ. Ọlọ́jà tó bá ń yọ Sàká rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù February lọ́dọọdún, bó bá fi máa pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, odidi ọdún Sàká kan ni yóò ti fò láìmọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ Sàká yín pẹ̀lú oṣù Hijra, kí ẹ sì jẹ́ kí áláàmù rán yín létí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ná ọjà kọjá bódè Sẹ̀mẹ̀. Aago Benin àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n Togo àti Ghana fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bí ẹ bá jókòó ní Topo tí ẹ kọ ìpàdé Lomé sí aago mẹ́wàá, nígbà tí ẹ bá dé Lomé tí fóònù sì yí aago rẹ̀ padà, aago mẹ́sàn-án ni yóò máa fi hàn yín. Ẹ kọ “aago Lomé” mọ́ orúkọ ìpàdé náà. Kí ẹ sì pa roaming bí ẹ bá ń súnmọ́ bódè.

Gbèsè àti àmánà

Áyà tó gùn jù nínú Al-Kùráànì ni áyà 282 nínú Súrà Al-Baqarah, kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Fóònù lè ran ènìyàn lọ́wọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí ẹ bá dá kọ sínú fóònù yín, ẹ lè dá pa á rẹ́, ẹnì kejì sì lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Fún owó tó bá ní ìwọ̀n, ẹ ṣì kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i lójú ènìyàn méjì, kí ẹ wá ya fọ́tò ìwé náà sínú fóònù. Fún àwìn kéékèèké inú ọjà, ẹ kọ orúkọ, iye, ọjọ́ tí ó gbà á àti ọjọ́ tí ó ṣèlérí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà náà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ó ti wà lọ́wọ́ ẹni méjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin yẹn ṣe gbogbo èyí, tó sì ti fóònù rẹ̀ pa dáadáa pẹ̀lú ìka ọwọ́. Ká ní Ọlọ́hun wá pè é lójijì. Owó àjọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú àkáǹtì, orúkọ àwọn tó ni ín wà nínú fóònù, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i. Ojú lẹ́mọ́mù ni wọn óò ti béèrè lọ́jọ́ ìsìnkú pé ta ni òkú jẹ ní gbèsè, ọkọ rẹ̀ kò sì ní mọ ohun tí yóò sọ. Nítorí náà, ó kéré tán, ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dé ibi àkọsílẹ̀ yẹn. Google ní ètò kan tó ń jẹ́ Inactive Account Manager, níbi tí ènìyàn ti lè yan ẹni tí yóò rí ohun inú àkáǹtì rẹ̀ gbà bí òun kò bá lò ó mọ́ fún oṣù mélòó kan. Apple ní Legacy Contact. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan pẹ́ jù fún ọ̀rọ̀ gbèsè òkú. Ìwé kan nínú ibi tí ìwé wàsíyà wà, tí a kọ nọ́ńbà àṣírí sí, tí a sì lẹ̀ pa, yára ju méjèèjì lọ.

Àṣírí àwọn ẹlòmíràn náà jẹ́ àmánà. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín wà lọ́wọ́ yín báyìí. Àwọn áàpù tó ń yáni lówó ti kó orúkọ inú fóònù àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń ránṣẹ́ ìtìjú sí ìyá, ọ̀gá àti oníbàárà ẹni tó jẹ gbèsè, títí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, fi gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti èlé. Bákan náà, ní oṣù November 2020, àwọn oníròyìn Motherboard ní Amẹ́ríkà ròyìn pé Muslim Pro, áàpù ìrun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò, ń fi ibi tí àwọn tó ń lò ó wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ X-Mode, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ológun Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Muslim Pro sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti já okùn àárín wọn. Áàpù ìrun kò nílò láti mọ ibi tí ẹ wà ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ yan Badagry, ẹ lè pa àṣẹ yẹn.

Níwájú ẹni tó ń tà á

Tokunbọ̀ kò burú, owó rẹ̀ sì máa ń rọrùn. Ẹ tẹ *#06# kí nọ́ńbà IMEI rẹ̀ jáde, kí ẹ wò ó bóyá ó bá ti ara páálí tàbí ti rìsíìtì mu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí fóònù sì tún bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun. Bó bá ń béèrè àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ. Ẹ fi síìmù yín sínú rẹ̀, ẹ pe ènìyàn kan, ẹ ki ṣáájà bọ̀ ọ́. Ẹ gba rìsíìtì tí IMEI wà lórí rẹ̀.

Ní alẹ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ mú jọ́tà ọ̀sẹ̀ méjì yẹn jáde, kí ẹ kọ ohun inú rẹ̀ sínú fóònù: àwọn orúkọ, àwọn gbèsè, àwọn ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fóònù náà, ẹ gba ti ọmọ yín tàbí ti ọkọ yín, ẹ fi àkáǹtì yín wọlé síbẹ̀, kí ẹ wá àwọn orúkọ náà. Bí wọn kò bá hàn, ẹ tan fóònù tuntun padà, kí ẹ tún ètò ẹ̀dà rẹ̀ ṣe kí ẹ tó sùn. Bí wọ́n bá hàn, ẹ rántí yọ àkáǹtì yín kúrò lórí fóònù onífóònù.